Abẹ́rẹ́ Mẹ́wàá fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Ọmú ni mo ṣì ń mu nígbà tí ìyá wa kú. Àwọn ló gbé mi pọ̀n, àwọn ló ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kí wọ́n tó fi sí mi lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Kí n sọ èyí ṣáájú, kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ nígbà tí mo bá ní ẹnu mi ló ba kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, tó sì sọ wọ́n di adití. Èmi wà ní Jámánì, àwọn wà ní Ẹdẹ, ẹnu mi sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Berlin ni mo kọ́kọ́ dé. Bùkọ́lá, àkọ́bí mi, ló ní kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ilé wọn wà ní Schöneberg, lókè pátápátá. Gbogbo ènìyàn ló ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, nítorí náà òtútù ò bá mi lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò sọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo pàdé obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn, irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Mo kí i. Mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ, mo ní ṣé ara le, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, torí kò sí òmíràn lẹ́nu mi. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó wọlé, mo sì gbọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo sọ fún Bùkọ́lá nígbà tó tibi iṣẹ́ dé.

"Màámi, ẹ kàn sọ pé Hallo, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Hallo nìkan? Kí n má béèrè ọmọ?"

"Ẹ má béèrè ọmọ."

Mo kọ́ ọ. Mo ń sọ Hallo, mo ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mi ò rí ẹni bá sọ lórí àtẹ̀gùn ń kó jọ sí mi nínú, ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì ń gbé gbogbo rẹ̀ fún. Bí mo bá ti mú Tèmi, ọmọ Bùkọ́lá, dé ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ń pè ní Kita, tí mo sì padà délé, mo máa ń pe Ẹdẹ. Wọ́n á sọ fún mi ẹni tó bímọ, ẹni tí ẹ̀fúùfù ṣí òrùlé rẹ̀, àti ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ tí wọ́n sá. Ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ tán ni ilẹ̀ tó máa ń mọ́ fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn pé ara wọn ò yá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Ara mi gbóná díẹ̀. Bí mo bá ń tọ̀, ó ń ta mí. Ẹ̀yìn sì ń dùn mí."

"Kí lẹ lò?"

"Mo mu àgbo. Mo lo Panadol."

"Ẹ jẹ́ kí n pe Fọlákẹ́." Fọlákẹ́ ni ọmọ wọn obìnrin, Ìbàdàn ló ń gbé.

"Fi Fọlákẹ́ sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Má sì sọ fún Bùkọ́lá. Ọmọ tó ń tọ́jú aláìsàn látàárọ̀, ṣé kó tún délé kó máa gbọ́ ti aláìsàn?"

Mo ní kò burú. Bí àwa àgbà ti ń ṣe nìyẹn. Ọmọ tó bá wà lókèèrè, a kì í ròyìn àìsàn fún un. Ìgbà tí ara bá yá tán la tó ń sọ pé, ó rẹ̀ mí díẹ̀ lóṣù tó kọjá. A rò pé à ń dáàbò bò wọ́n ni. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi, inú ilé kan náà la jọ ń sùn, ó ń jẹ ọbẹ̀ tí mo sè. Mi ò sọ fún un.

Gàníyù ni mo pè. Gàníyù ló ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó wà ní oríta àdúgbò wa. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì díẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà kan nígbà èwe rẹ̀, òun ló ń gún gbogbo wa lábẹ́rẹ́, Dókítà la sì ń pè é. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe bí i.

"Màmá Jámánì, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé yìnyín ò tíì gbé yín lọ?"

"Kò rí mi gbé, mo wúwo. Dókítà, bá mi wo ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti débẹ̀. Apá gẹ́ńtà ló máa ká a, abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún péré. Wọn ò gbà ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ṣí ìdí àwọn."

Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ méje, abẹ́rẹ́ lẹ wá ń sá fún?"

"Nínú ọmọ méjèèje, èwo ló gún mi nídìí?"

A rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún wọn pé ní Jámánì níbí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wo irú rẹ̀, kì í ju ọjọ́ márùn-ún lọ, èèyàn á sì máa sáré. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì wọ ọsibítù kankan ní Jámánì nígbà náà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ń wo ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí mo ti dárúkọ Jámánì, ẹ̀gbọ́n mi gbà, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá."

Mo ti rò ó púpọ̀ láti ìgbà náà. Níbi tí ẹsẹ̀ mi wà, kò sẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló ń bá mi sọ ohun tí mo fẹ́ rà ní ṣọ́ọ̀bù. Nílé, ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kúrò, ọ̀rọ̀ mi wá di òfin. Mi ò gbọ́n ju bí mo ṣe wà lọ nígbà tí mò ń ta gàrí. Ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni mo wọ̀.

Ọjọ́ márùn-ún pé, ara ẹ̀gbọ́n mi tutù, ìtọ̀ ò ta wọ́n mọ́. Gàníyù pè mí láti ilé wọn láti fún mi láyọ̀.

"Dókítà, o ṣeun. Fi márùn-ún mìíràn kún un."

"Màmá, ó ti tó o. Oògùn yẹn lágbára."

"Àìsàn tí a ò bá fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, á tún rú. Bá mi já gbòǹgbò rẹ̀."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ó dáa." Ó gún wọn ní márùn-ún mìíràn. Mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò ṣáájú èyí àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó béèrè iye ọdún wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá wọ́n ń tọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń mu omi.

Etí ló kọ́kọ́ yí padà. Wọ́n ní ó ń hó, bí ìgbà tí omi ń hó lórí iná. Wọ́n ní bí àwọn bá dìde, ilé ń yí, àwọn ń di ògiri mú dé ìdí ilẹ̀kùn. Mo ní àìjẹun kánú ni, kí wọ́n jẹ ẹyin. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ní àwọn ò gbọ́ mi dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo bú. Mo ń gbé ohùn sókè, títí tí ọkùnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa fi gòkè wá, tó kan ilẹ̀kùn, tó fi ìka kan ẹnu. Tèmi náà ní, "Oma, nicht so laut." Ó ní kí ìyá àgbà má pariwo.

Mo wá ibi tí mo ti lè pariwo. Afárá kan wà lórí ojú irin S-Bahn, kò jìnnà sílé. Ibẹ̀ ni mo ń lọ dúró lọ́wọ́ ọ̀sán. Bí reluwé bá ń kọjá lábẹ́ mi, mo lè kígbe bó ṣe wù mí, kò sẹ́ni tó máa wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Àbúrò mi, ṣé ìwọ ni? O ò sọ nǹkan kan."

"Mo ní ṣé ẹ ti jẹun!"

"Ó dà bíi pé fóònù yìí ti bàjẹ́. Mo kí gbogbo yín o. Mo kí ọmọ." Wọ́n pa á.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí mo pè tí Fọlákẹ́ gbé fóònù wọn. Òṣogbo ni wọ́n wà, ní ọsibítù ńlá. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti wú débi pé ẹyinjú ò hàn, ẹsẹ̀ wọn wú, wọn ò sì tọ̀ láti ọjọ́ méjì. Dókítà ní kíndìnrín ni.

Mi ò lè fi ìyẹn pamọ́ fún Bùkọ́lá. Ó jókòó tì mí nínú yàrá ìdáná, kò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́.

"Màámi, kí ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀?"

"Àgbo."

"Àgbo nìkan?"

"Àti Panadol."

Mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò ní sọ. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Òótọ́ kejì ni pé mi ò fẹ́ kí ọmọ mi bá mi wí. Bùkọ́lá bú àgbo. Fọlákẹ́ náà bú àgbo. Àwọn kan ládùúgbò ní ayé ni. Èmi dákẹ́, torí mi ò rí ohun tí abẹ́rẹ́ tó wo ènìyàn sàn á fi wá bá kíndìnrín jà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kú nígbà náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ìtọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá díẹ̀díẹ̀, wọ́n dá wọn padà sílé. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún Fọlákẹ́ pé kíndìnrín náà kò ní padà bọ̀ sípò, díẹ̀ tó kù ni wọ́n ó máa lò. Etí ní tirẹ̀ lọ pátápátá. Fọlákẹ́ fi iṣẹ́ Ìbàdàn sílẹ̀, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Tí mo bá pè, á fi fóònù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á kí mi, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á dá fóònù padà fún un. Èmi kàn ń gbọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ̀ mí láti kékeré ní gbogbo ayé yìí, mi ò sì lè fọhùn sí wọn mọ́.

Bùkọ́lá rí iṣẹ́ tó dáa jù sí Hamburg, a sì kó lọ. Ilé wa wà ní Rothenburgsort. Tèmi ti ń dàgbà, wọn ò nílò mi bíi tàtijọ́, mo sì ní kí wọ́n wá iṣẹ́ fún mi, torí ọwọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, bó bá dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Wọ́n gbà mí sí ilé ìfọṣọ ńlá kan ní Billbrook, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ọsibítù. Inú ooru la ti ń ṣiṣẹ́. Èmi pẹ̀lú obìnrin Pólándì kan la jọ ń ká aṣọ. Èmi á di igun méjì mú, òun á di igun méjì mú, a ó fà á, a ó pàdé láàárín, a ó tún padà sẹ́yìn. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kan ọwọ́ wa ti mọ ara wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá bọ́ọ̀sì wọ̀ lọ tí mo dá a wọ̀ bọ̀, tí mi ò ṣìnà, òun ni mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Inú ooru yẹn ni òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lọ́jọ́ kan. Ìtọ̀ ti ń ta mí láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yìn ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ mi ò sọ fún Bùkọ́lá. Ẹ rí i pé mi ò tíì kọ́gbọ́n. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin Pólándì náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, ó sáré pe ọ̀gá. Kí n tó mọ̀, mo ti wà ní ọsibítù, Bùkọ́lá sì ti dé.

Dókítà obìnrin ni. Wọ́n fi omi sí mi lápá, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n ní kí n gun ìwọ̀n.

"Abẹ́rẹ́ dà?" ni mo bi Bùkọ́lá.

"Ẹ ní sùúrù, Màámi. Wọ́n ń dúró de èsì ẹ̀jẹ̀."

"Ara mi ń gbóná, wọ́n ń wọ̀n mí bí ẹran iléyá. Tó bá jẹ́ Gàníyù ni, ì bá ti gún mi kí n tó jókòó."

"Gàníyù ò sí níbí." Ó ń rẹ́rìn-ín.

Dókítà wo ìwé mi, ó béèrè nǹkan. Mo gbọ́ iye ọdún mi nínú rẹ̀, torí mo ti kọ́ ìyẹn.

"Kí ló fẹ́ fi ọjọ́ orí mi ṣe?"

"Ó fẹ́ fi ṣírò kíndìnrín yín. Màámi, kíndìnrín dà bí asẹ́. Oògùn tó fẹ́ fún yín, inú asẹ́ yẹn ló máa gbà jáde lára. Tí asẹ́ bá ti gbó, oògùn ò ní rí ọ̀nà jáde, á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, á wá yí padà bá asẹ́ náà jà. Asẹ́ àgbàlagbà sì lè ti gbó kó má hàn lójú. Kódà ó lè má hàn dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀, tí èèyàn bá ti gbẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ọjọ́ orí àti ìwúwo mọ́ ọn."

"Nígbà náà, sọ fún un pé irọ́ ni ìwé yẹn pa."

Bùkọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. "Màámi."

"Ọdún òmìnira ni akọ̀wé kọ fún mi, torí ó ní ó rọrùn láti rántí. Lọ́dún òmìnira, eyín iwájú mi ti yọ, òmíràn ti hù. Mo wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń pín ife fún ọmọ iléèwé."

"Ṣé ẹ mọ wàhálà tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ níbi iṣẹ́ yín?"

"Kí wọ́n fi ìwé wo ìwé. Kí òun fi ara wo ara."

Ó sọ fún un. Dókítà náà wò mí, kò bínú. Ó pa nọ́ńbà kan rẹ́, ó kọ òmíràn. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, ó ṣe ìṣirò lórí ẹ̀rọ, ó mi orí, ó sì ní kí wọ́n gbé oògùn mìíràn wá. Ó ní pẹ̀lú iye ọdún mi gangan àti bí mo ṣe tín-ín-rín, òun ò ní fún mi ní ti àkọ́kọ́, torí kì í bá kíndìnrín nìkan jà, ó tún máa ń pa etí. Bùkọ́lá ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó ti mọ̀ sórí.

"Etí?"

"Etí. Èèyàn á máa gbọ́ ariwo nínú rẹ̀, ojú á máa yí i, etí á wá di. Kì í sì í là mọ́."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Gentamicin."

Mo wo omi tó ń kán sí mi lápá. Ó ń kán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bùkọ́lá, ohun tí wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Ó kọ́kọ́ rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. "Ẹ ní àgbo ni."

"Wọ́n mu àgbo. Wọ́n gún wọn náà. Gẹ́ńtà."

"Mélòó?"

"Mẹ́wàá."

Ọwọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ń tún okùn omi náà ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe okùn náà.

"Nígbà tí mo bi yín ní Berlin, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé wọ́n gún wọn. Mi ò mọ ohun tó máa dà."

"Nọ́ọ̀sì ni mí, Màámi. Inú ilé kan náà la wà. Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní, ǹ bá ti ní kí wọ́n dá a dúró. Ká ní ẹ tilẹ̀ sọ lọ́jọ́ karùn-ún."

"Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ."

Nígbà tó yá, ó bi mí ta ló ní kí wọ́n gún mẹ́wàá. Mo ní Gàníyù ló ń gún wọn. Ẹ kíyè sí i, mi ò parọ́. Mi ò kàn dáhùn ohun tó bi mí ni.

Bùkọ́lá pe Fọlákẹ́, ó sọ ohun tí oògùn náà ń ṣe fún un. Fọlákẹ́ ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi lójú láti ọdún kan, kò mọ ẹni tó máa bínú sí. Ó wá rí ẹni náà. Mo ti kúrò ní ọsibítù, mo wà nílé ní Rothenburgsort, nígbà tí Gàníyù pè mí. Kò kí mi.

"Màmá, wọ́n ti fọ́ dígí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wà níta, Fọlákẹ́ ní àfi kí n kó kúrò ládùúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní èmi ni mo pa etí ìyá rẹ̀."

"Ìwọ ló gún wọn, Gàníyù."

"Èmi ni. Mi ò jiyàn. Mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì yẹ kí n mọ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́, tèmi ni. Ṣùgbọ́n márùn-ún kejì ńkọ́, Màmá? Mo ní ó ti tó. Ta ló ní kí n já gbòǹgbò rẹ̀?"

Mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Mo ní kó pa fóònù, kí n pe Fọlákẹ́.

Mo gbé omi kaná kí n tó pè é. Mo tún pa iná náà. Nígbà tó gbé e, mo ní, "Fọlákẹ́, fi Gàníyù sílẹ̀. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni, Màmá Jámánì?"

"Ìyá rẹ ò fẹ́ abẹ́rẹ́, èmi ni mo rọ̀ wọ́n. Gàníyù fẹ́ dúró ní márùn-ún, èmi ni mo ní kó fi márùn-ún kún un."

Mo gbọ́ tó ń rìn, mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ariwo náà ń jìnnà sí i. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ilé wa, mo mọ ìró rẹ̀.

"Èmi kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún," ni Fọlákẹ́ wí. "Wọ́n jókòó síbí."

"Wọn ò lè gbọ́. Wọn ò sì mọ̀wé."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ojú yín, kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ó yí i sí fídíò. Mo gbé fóònù ti agolo iyọ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi hàn. Wọ́n ti kéré, gèlè wọn tóbi ju orí wọn lọ. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi. O ti rù. Wọn ò fún ẹ lóúnjẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo dárúkọ Gàníyù, mo dárúkọ abẹ́rẹ́. Wọ́n ń wo ẹnu mi bí ọmọdé ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun. Mo rí i pé kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo bá sún àga sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ sórí táìlì, mo na ọwọ́ méjèèjì sí fóònù, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ta ló kú?"

Mo mi orí.

"Bùkọ́lá ni?"

Mo mi orí.

"Ọmọ náà ńkọ́? Ọkọ rẹ̀?"

Mo fi ìka kan ẹnu ara mi, mo fi kan etí mi, mo wá nawọ́ sí wọn. Wọ́n wo Fọlákẹ́. Fọlákẹ́ lè fi ọwọ́ ṣe abẹ́rẹ́ fún wọn, ó lè ka ìka mẹ́wàá, kó sì nawọ́ sí mi. Wọ́n á mọ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra. Ó kàn fi tún gèlè ìyá rẹ̀ ṣe ni, ó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Bí kò bá ṣe nínú wọn, ó ṣeun," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́, ó ti sinmi. Má sunkún mọ́. Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ tútù ni ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú. Kò ní fi irú rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ìwọ náà á dàgbà dàgbà, o ò sì ní fọwọ́ rẹ sin ẹni tó kéré sí ẹ."

Mo ní àmín. Wọ́n rí ìyẹn lẹ́nu mi, wọ́n sì mi orí sókè sísàlẹ̀, inú wọn dùn pé àwọn gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tí mo sọ.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ni kíndìnrín tó kù náà dáwọ́ dúró. Gàníyù wà lára àwọn tó gbé wọn lọ sí Òṣogbo, Fọlákẹ́ ló sọ fún mi. Ó ní láti ìgbà náà, àgbàlagbà tó bá wá gba gẹ́ńtà lọ́wọ́ rẹ̀, ọsibítù ló ń ní kó lọ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo ní ó ṣeun.

Nígbà tí ìròyìn ikú wọn dé, àwọn ará ìjọ wa ní Hamburg wá sílé wá kí mi kú ará fẹ́ra kù. Obìnrin Pólándì náà wá, ó gbé àkàrà òyìnbó wá, ó jókòó tì mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti kí mi ṣáájú wọn, lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ sórí táìlì.